Òṣùká tí Àlájà Jù Sómi

Òórùn èèpo àgbọn tútù ló máa ń jí mi nígbà èwe mi, kì í ṣe àkùkọ. Àkùkọ wo ló fẹ́ ráyè kọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ìpè àdúrà ti ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí èmi àti ìyá mi ń sùn ni àgbọn máa ń wà, òkìtì òkìtì, tí omi ọ̀sà ṣì ń kán lára wọn, tí òórùn wọn tutù, tó dùn díẹ̀, tó tún ní iyọ̀ nínú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ládùúgbò wa, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Àwọn ọmọ tí ẹ bí sí Lẹ́kí ni kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé inú fíríìjì ni àgbọn ti ń hù.

Ìyá mi ló ń ta àgbọn náà. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n n ò tíì rí onígbàgbọ́ tó ń retí Gúdù Fúráídè bí ìyá mi ṣe máa ń retí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ilé Àgùdà, àwọn onígbàgbọ́ tí baba ńlá wọn ti òkè òkun dé, ní àdúgbò Pópó máa ń se fùréjòn. Wọ́n á se ẹ̀wà títí tí yóò fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá da oje àgbọn lé e, wọ́n á máa rò ó lórí iná títí tí yóò fi ki, tí gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Kò sí àgbọn, kò sí fùréjòn, ì báà jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ sè é gba ààwẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá ń ta àgbọn fún Pópó lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti bọ́ nínú ìṣòro fún ìgbà pípẹ́.

Nínú gbogbo ilé Àgùdà, ilé Màmá Pópó ni ìyá mi fi ń yangàn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí etí fèrèsé rẹ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń ké bí èèyàn bá ń gùn ún. Màmá arúgbó tó ni ilé náà gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ìkòkò tó máa ń gbé kaná lọ́jọ́ yẹn tóbi débi pé èmi lè jókòó sínú rẹ̀, gbogbo wa ló sì máa ń bù fún, àtẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtẹni tó ń kírun. Bó bá ti ra àgbọn lọ́wọ́ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni gbogbo ilé tó kù ní Pópó máa lọ. Ẹni tó bá pàdánù ilé yẹn, ó pàdánù gbogbo Pópó nìyẹn.

Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, Àlájà Oníléèsì ti ń yọjú sí ilé náà. Àwa ọmọdé la sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé léèsì ló máa ń wọ̀ wá sétí omi, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń ta sí gbogbo ayé lára. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè Arin tó ti ń ta mílíìkì àti tòmátì alágolo, ó ń jẹ, ó ń mu, ọkọ rẹ̀ ní mọ́tò. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára àgbọn ìyá mi. Kí ló fẹ́ fi àgbọn ṣe? Ojúkòkòrò lásán ni. Ó gbéra, ó lọ bá Màmá Pópó, ó ní àgbọn Ìyá Rálíà ti ń kan, pé òun á máa gbé èyí tó dáa wá. Èmi ni Rálíà.

Màmá Pópó kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ìyá mi, mo sì tẹ̀ lé e lọ. Ó ní, “Ìyá Rálíà, mi ò ní dá ẹjọ́ kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé àgbọn tó dáa wá bá mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òun ló ń tà fún mi títí tí màá fi kú.” Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa.” Nígbà tí a ń padà sílé, ó kọjá lára àwọn ọlọ́jà láìkí ẹnikẹ́ni, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí Àlájà bá gba ilé yẹn, oúnjẹ ti tán lẹ́nu wa nìyẹn.

Bí Ọjọ́bọ̀ ti dé, a jáde bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ìyá mi kì í gba ọ̀nà tó tọ́ lọ sí Ẹbúté Èrò. Àárín ọjà ló máa ń gbà, ó di dandan, kó lè mọ ohun tó wọ́n àti ohun tó pọ̀. “Ẹni tí kò bá mọ iye tí ata jẹ́ láàárọ̀,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn, “kò lè ná àgbọn.” Ẹ sì mọ bí Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe rí. Iwájú ilé, ọjà ni. Ẹ̀yìn ilé, ọjà ni. Ibi tí kì í ṣe ọjà kò ju orí ẹní téèyàn ń sùn lé lọ. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú á ti tẹ́ gàrí sí ẹnu ọ̀nà onílé, gàrí tó kan tó ń ta ni nímú láti òkèèrè. Àwọn ará Ìkòrodú á gbé ẹ̀fọ́ kalẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, iyẹ̀pẹ̀ oko ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá Ọ̀yọ́ kan wà ní igun tó ń ta èlùbọ́, ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá mi á kí gbogbo wọn, á fọwọ́ kan èyí, á fimú gbọ́ tọ̀hún, á ju ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan sílẹ̀, á kọjá. Èmi á máa tẹ̀ lé e, á máa ṣa nǹkan jẹ níbí, á máa gba èènì lọ́hùn-ún. Mo mọ ọjà Ìsàlẹ̀ Èkó kí n tó mọ a-b-d.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mo ní láti sọ òfin kan fún yín, torí àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ òfin ọjà kankan ju kí wọ́n tò sórí ìlà lọ. Ní ẹbúté, bí ọkọ̀ ojú omi bá ti gúnlẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tí o bá fi òṣùká rẹ lé lórí, ìwọ lo ni ín láti ná. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá owó sí i. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, títí tí ìwọ àti ọlọ́jà á fi ṣe àdéhùn tàbí tí o bá fọwọ́ ara rẹ gbé òṣùká rẹ kúrò. Àkísà tí a ká róbótó ni òṣùká, ẹ mọ̀ ọ́n, ohun tí a fi ń tẹ́ orí kí ẹrù má bàa dun ni. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n ò tíì rí ìwé lọ́yà tó lágbára tó o láti ọjọ́ náà. Orúnkún ń dun ìyá mi, nítorí náà èmi ló máa ń fi òṣùká rán ṣáájú, torí ẹsẹ̀ mi yá bíi ti òkété.

A gbọ́ lójú ọ̀nà pé ìjì jà lójú ọ̀sà, pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dé láti Àgbádárìgì. Ìyá mi kàn ki òṣùká bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “Sáré.” Mo sáré. Nígbà tí mo dé etí omi, Àlájà Oníléèsì ti wà níbẹ̀ tòun ti àwọn alábàárù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe? Ó gbé ìsàlẹ̀ léèsì rẹ̀ sókè lọ́wọ́ kan, ó ń wá pákó tó máa fẹsẹ̀ lé kí ẹrẹ̀ má bàa kàn án. Èmi ò ní léèsì. Mo bọ́ sínú omi títí dé orúnkún, mo kọjá lábẹ́ apá àwọn tó ń já ẹrù, mo sì fi òṣùká ìyá mi lé orí apẹ̀rẹ̀ àgbọn ńlá kan ṣoṣo tó wà nínú ọkọ̀ Ìyá Ègùn. Ìyá Ègùn ló ni ọkọ̀ náà, obìnrin dúdú, abarapá, tó máa ń gbé àgbọn wá láti ìlú wọn lọ́dọọdún. Ó rí òṣùká, ó rí mi, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kò parí lójú Àlájà. Ó rí pákó, ó gun orí rẹ̀, ó dé ìdí ọkọ̀. Ó wo òṣùká náà bí ẹni wo òkú eku. Ó ní, “Àkísà ta rèé?” Ó fi ìka méjì gbé e, ó jù ú sínú ọ̀sà, ó wá yíjú sí Ìyá Ègùn, ó ní, “Èló ni gbogbo ẹ̀?” Kò tilẹ̀ wo èmi. Lójú rẹ̀, mi ò tó eṣinṣin.

Ìyá mi kò tíì dé. Mo wẹ̀yìn, n ò rí i. Mo wo omi, òṣùká wa ti ń rì. Mo ronú kan Pópó, mo ronú kan ìyá mi tó kúnlẹ̀ níwájú Màmá Pópó, inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo lanu, mo figbe ta. “Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ẹbúté, ẹ gbà wá o! Àlájà ti ju òṣùká ìyá mi sómi o! Ó ń nájà lórí òṣùká o!” N ò mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún, lẹ́bàá àwọn ẹlẹ́ja, ní àwọn rò pé ọmọ kan ló bọ́ sómi.

Ẹni tó ń wọn gàrí fi kóńgò sílẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ní, “Òṣùká kẹ̀?” Èkejì ní, “Sínú omi?” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ wá. Kí Àlájà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá Ègùn ti jókòó lé apẹ̀rẹ̀ àgbọn rẹ̀ bí adìyẹ tó sàba lé ẹyin. Ó ní, “Mi ò ta á mọ́. Òṣùká ọmọ yìí á padà sórí apẹ̀rẹ̀ kí n tó ta á fún ẹnikẹ́ni.” Àlájà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á san ìlọ́po méjì. Ìyá Ègùn tutọ́ sómi. Àlájà ní, “Nítorí àkísà?” Ó wò yíká, ó rí i pé àwọn oníṣu ti faṣọ bo iṣu wọn, àwọn ẹlẹ́ja ti yí àtẹ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọn ò kàn ní tà fún un ni, lónìí àti lọ́la àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyá arúgbó kan tó ń ta irú ló wá là á yé e. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, “Àlájà, ẹ tú gèlè yín.” Ẹni tó bá da òṣùká ẹlòmíì nù, gèlè orí rẹ̀ ló fi ń ká òmíràn dípò rẹ̀. Òfin ẹbúté ni. Ẹ wo Àlájà! Gèlè aláwọ̀ ewéko tó ń dán yinrin, tó jẹ́ pé bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti wé e rí. Ó tú u. Ohun tó wà lábẹ́ gèlè yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi sínú, irun ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká a, kò mọ̀ ọ́n ká, ó ń ká a bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé orí apẹ̀rẹ̀ lójú mi. Ó ti ní láti sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó, léèsì rẹ̀ ti rin gbingbin nínú omi títí dé orúnkún. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó láti òkè délẹ̀, bó ṣe wo òṣùká wa. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó dé, tó ń tiro. Ó wo gèlè lórí apẹ̀rẹ̀, ó wo èmi tó rin, ó wo Àlájà tó ń fi ìborùn borí lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ní, “Ìyá Ègùn, ẹ kú ewu ọkọ̀. Èló ni ẹ fẹ́ gbà?” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ná an, wọ́n ń takú bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Nígbà tí a ru àgbọn dé ìdajì ọ̀nà Pópó ló tó yà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Rálíà, bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.” Bó ṣe yìn mí nìyẹn. Ìyá mi kì í yin èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá Pópó gbé àgbọn kan sétí, ó mì í, ó gbọ́ omi nínú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fọ́ ọ, ó tọ́ ọ wò, ó ní, “Ó dáa.” Lọ́jọ́ kejì, àwo fùréjòn dé ilé wa, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Láti ìgbà náà, àgbọn ilé yẹn kò tọwọ́ ẹlòmíì wá mọ́. Gèlè Àlájà di òṣùká wa.

Ẹ máa rò pé ohùn tó gba Pópó sílẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n á fi oúnjẹ aládídùn bọ́ ọ. Wọ́n fi pàṣán bọ́ ọ ni. Nígbà tí a padà sílé-ìwé, mo figbe pe ọ̀rẹ́ mi láti ìdí kànga, Mísì wa sì fa etí mi wọ kíláàsì. Ó ní, “Ọmọ ọjà! Ẹbúté Èrò kọ́ nìyí!” Ó kọ orúkọ mi sára bọ́ọ̀dù pé aláriwo ni mí. Ó ní ọmọbìnrin tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé ohùn sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọ ohùn mi, ọdún dé, ọdún lọ, títí mo fi di akọ̀wé ní Màrínà, tí mò ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ débi pé àwọn ènìyàn ní láti tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó gbọ́ mi. Wọ́n ní mo ní ìwà. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Èmi náà sì gbà pé mo ti di èèyàn.

Lọ́dún yìí, bí Gúdù Fúráídè ti ń bọ̀, ìyá mi pè mí. Ilé kan náà ló ṣì ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jáde mọ́. Màmá Pópó ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń se fùréjòn báyìí, ṣùgbọ́n àgbọn ṣì ń tọwọ́ ìyá mi lọ, nítorí pé Màmá Pópó sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá a rà á. Ìyẹn ti rìnrìn àjò. Ìyá mi fa òṣùká yẹn yọ nínú àpótí, gèlè Àlájà, ó ti ṣá, ó ti rí ràkọ̀ràkọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Lọ sí Ẹbúté Èrò, kí o lọ bá mi ra àgbọn.”

Mo ní, “Màámi, níbo ni mo fẹ́ gbé mọ́tò sí níbẹ̀?” Mo ní ọjà tuntun kan wà ní Màrínà, ó mọ́, kò sí ẹrẹ̀, pé torí Àjíǹde, Ọjọ́bọ̀ yìí gan-an ni wọ́n máa ná an. Ọjà àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi ní, “Àgbẹ̀ ní Màrínà? Kí ló gbìn? Báǹkì?” Mo rẹ́rìn-ín. Bí Ọjọ́bọ̀ ti mọ́, mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín. Àtíbàbà funfun báláú, orin ń dún. Ajá wà nínú ọjà, ajá, tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn, tó ń gbóòórùn ata kiri, kò sì sẹ́ni tó lé e. Gàrí Ìjẹ̀bú wà nínú ìgò bí oògùn ikọ́. Ẹ̀bọ́lọ̀, ẹ̀bọ́lọ̀ tó ń hù lórí ààtàn láìgbìn, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn nídìí. Ṣíọ̀! Mo bi ọmọbìnrin tó ń ta ata pé, “Èló ni jálẹ̀?” Ó wò mí, ó fimú sọ̀rọ̀, ó ní, “A kì í nájà níbí, mà.” Ọjà tí a kì í ná! Èènì ńkọ́? Kò mọ ohun tó ń jẹ́ èènì. Mo wá àgbẹ̀ títí. Èyí tó sún mọ́ àgbẹ̀ jù níbẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó dé akẹtẹ̀, èékánná rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Ẹgbẹ́ wa kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ẹ má rò pé mi ò rí yín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ lásán rìn ní Jáńkárà, ẹ ń ya fọ́tò ewédú.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní àgbọn. Ó ti ń tán lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń gbé wọn sétí, mo ń mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Mo ṣa àwọn tó lómi dáadáa sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn tó kù nílẹ̀, gbígbẹ ni. Mo fi òṣùká lé apẹ̀rẹ̀ náà, mo yíjú kúrò láti yọ fóònù mi nínú báàgì kí n lè sanwó.

Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì dúdú ti dúró nídìí apẹ̀rẹ̀ mi. Ó fi ìka méjì gbé òṣùká náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Sórì mà, ṣé tiyín ni?” Kò dúró gbọ́ èsì. Alákẹtẹ̀ ti gba owó rẹ̀, wọ́n ti ń gbé àgbọn mi lọ sí búùtù mọ́tò. Ẹnu mi là. Mo gbọ́ ohùn ara mi, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń sọ pé, “No problem.” Èdè òyìnbó ló tún bá jáde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Èmi àgbà wà lọ́jà, orí tèmi gan-an ló wọ́.

Mo mú òṣùká wa lórí tábìlì, mo padà sílé ìyá mi láìsí àgbọn. Ó jókòó lórí ẹní, ó ń fi tẹ̀sùbáà ṣàsíkìrì. Ó wo ọwọ́ mi.

Ó ní, “Àgbọn dà?”

Mo rò fún un bó ṣe jẹ́. Ó fetí sílẹ̀ títí tí mo fi dé ibi òṣùká.

“Ó fọwọ́ gbé e kúrò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní sórì.”

“Ìwọ wá pariwo?”

Mo ní kò sí ibi tí èèyàn ti ń pariwo níbẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn ńlá ló wà níbẹ̀. Mo tún fẹ́ sọ nǹkan míì, mo wá rí ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ìyá mi kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo ṣe wo Àlájà lọ́jọ́ tó tú gèlè ló ṣe wò mí, láti òkè délẹ̀. Ó wo bàtà mi, ó wo báàgì mi, ó wo kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí mo mú dání.

Ó na ọwọ́, ó gba òṣùká lọ́wọ́ mi, ó ká a dáadáa padà, ó gbé e lé orí itan rẹ̀. Ìta ṣì ń hó, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun òkè ni.

Ó ní, “Ẹbúté ò tíì tú. Ọmọbìnrin kékeré kan wà nílé yìí tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́nu bí abẹ, tí kì í bẹ̀rù omi. Bá mi pè é wá. Òun ni mo fẹ́ rán.”